Táyà Tó Há Sábẹ́ Ọkọ̀-Ilé Wa

Ọjọ́rú, 31 Oṣù Kejìlá 1997

Mo ti lọ́kọ!

Ìwé, ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan. Ó di ọjọ́ kẹtàlá lónìí tí mo ti di ìyàwó, ẹnu sì ń yún mi bí ẹni jẹ yèrèpè. Èmi Bernadine Kuchta! Èmi tí mo bu oúnjẹ sáwo fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Wisconsin fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí ẹ̀gbọ́n mi Casimir ti ya yàrá ẹ̀yìn sọ́tọ̀ fún pé ibẹ̀ ni n ó ti darúgbó. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta! Mo wọ búláòsì aláwọ̀ ewé, mo dúró níwájú adájọ́ ní Yuma, adájọ́ ò tíì bèèrè tán tí mo ti ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" Adájọ́ ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n parí ìbéèrè mi ná." Lyle rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Lyle Tvedt. Bernadine Tvedt. Mo ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé yìí nígbà mẹ́sàn-án.

Ìdí tí a fi bò ó mọ́ra ni pé ìyá àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì nínú ilẹ̀. Lyle ní irú ọ̀rọ̀ yìí, ojúkojú ni wọ́n ń sọ ọ́, àwọn ọmọ òun ni yóò sì kọ́kọ́ gbọ́. Mo búra fún un. Ní tèmi, Casimir rò pé nítorí orúnkún mi ni mo ṣe wá yá oòrùn ní aginjù, èmi àti ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan. A ní tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, a ó jọ wakọ̀ lọ bá gbogbo wọn. Àfi bí Arne, ọmọ Lyle, ṣe yọ̀ ṣubú lórí omi dídì ní Minnesota, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, tí ọgọ́ta màlúù sì ń dúró de ẹni tí yóò fún wàrà wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Àná ni Lyle wọ bọ́ọ̀sì lọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní. Kó tó lọ, ó di irun mi ní ẹyọ kan ṣoṣo gùn dé ìdí, bí ẹni ń hun okùn ẹran, ó ní, "Má tú u kí n tó dé o."

Bí mo ṣe wà nìyẹn, èmi àti ọkọ̀-ilé wa, mọ́tò tí a ń gbé inú rẹ̀ bí ilé, láàárín òkúta àti ẹ̀gún. Inú mi ń dùn tó ń hó, n kò sì rí ẹni bá mi jó.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Kìíní 1998

Ọdún tuntun. Atẹ́gùn láti àárọ̀. Àwọn tó pàgọ́ sí àfonífojì yìí bíi tiwa (mo ka ọkọ̀-ilé mẹ́sàn-án) jókòó yí iná ká ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń kọrin. Mo juwọ́ sí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n juwọ́ padà. Kò sẹ́ni tó ní kí n máa bọ̀.

Àga méjì wà níta, ti Lyle àti tèmi. Mo jókòó sórí tèmi, tirẹ̀ ń wò mí. Mo ní, "Kí lò ń wò?" Nígbà tí atẹ́gùn dà á wó lẹ́ẹ̀kejì, mo ká méjèèjì, mo fi wọ́n ti ara ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó sàn bẹ́ẹ̀. Àga tí a ti ká kì í wo èèyàn.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Kìíní

Mo fẹsẹ̀ rìn wákàtí kan gbáko dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù ìta bí ẹni ń ṣọ́ ẹran. Aago méjì géérégé tí a jọ dá, ó dún! Láti ilé ìtajà oúnjẹ màlúù ni Lyle ti ń pè, kí wọ́n má baà gbọ́ nílé.

"Ọwọ́ mi ti wú bí búrẹ́dì," ó ní. "Mo ti gbàgbé bí fífún wàrà ṣe le tó. Báwo ni ìyàwó mi?"

Ìyàwó mi! Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Obìnrin tó ń ra gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé mo ń sunkún.

Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí, aago mọ́kànlá àárọ̀ ku díẹ̀, ní ibùdókọ̀ Yuma. Ó ní òun yóò wá ẹni tó máa gbé òun dé ọ̀dọ̀ mi.

"O ò ní wá ẹnikẹ́ni," mo ní. "Èmi ni n ó wakọ̀-ilé wá pàdé rẹ."

"Ìwọ nìkan? Dine, ọgọ́rin máìlì ni o. Ìgbà kan ṣoṣo lo ti wà á, pápá ṣọ́ọ̀ṣì sì ni."

"N kò kọlu ṣọ́ọ̀ṣì, àbí mo kọlù ú?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun yóò máa wo ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì láti máìlì mẹ́wàá. Mo fi ayọ̀ rìn padà, n kò mọ̀ pé orúnkún ń dùn mí. Nígbà tí mo dé ilé ni mo rí i pé táyà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún ti fẹlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀gún kan tó gùn bí ìka mi ló wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kìíní

N kò ní sọ fún Lyle. Tí ó bá gbọ́, yóò já àwọn màlúù jù sílẹ̀, yóò wọ bọ́ọ̀sì, Arne yóò sì máa fi igi rìn lọ fún wàrà nínú òtútù. Táyà ni, kì í ṣe ikú.

Sípíà, táyà ìrọ́pò wa, wà. Abẹ́ ìdí ọkọ̀ ló dùbúlẹ̀ sí, nínú férémù irin pẹlẹbẹ kan. Ẹ̀gbẹ́ kan férémù náà so mọ́ ọkọ̀ bí ilẹ̀kùn ṣe ń so mọ́ ògiri, ẹ̀gbẹ́ kejì kọ́ sórí bóòtù gígùn kan. Tú nọ́ọ̀tì bóòtù yẹn, férémù á sọ̀ kalẹ̀ bí ẹnu, á pọ táyà jáde. Ó rọrùn lójú ìwé. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ nínú kóòtù Lyle, mo wo bóòtù náà. Ó ti dógùn-ún débi pé n kò mọ ibi tí nọ́ọ̀tì parí sí.

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Kìíní

Mo rọ epo atúrin sí i láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Agolo kékeré yẹn, dọ́là mẹ́rin ààbọ̀! Mo fi tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù bèèrè lọ́wọ́ onítáyà ìlú. Ó ní òun kì í fi mọ́tò òun kúrò lórí títì ọlọ́dà. "Gbé táyà wá, ìyá, màá ràn ọ́ lọ́wọ́." Tí mo bá lè gbé táyà wá, kí ni mo fẹ́ fi ọ ṣe?

Obìnrin àgbà kan máa ń kọjá níwájú ọkọ̀ wa láràárọ̀ pẹ̀lú ajá kékeré aláwọ̀ ilẹ̀. Mo kí i lónìí. Ó mi orí, ó fi ìka sẹ́nu fún ajá náà, ó sì yára kọjá. Kí ni mo ṣe wọ́n? Casimir máa ń ní ọmọ Kuchta kì í yá sípánà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó dáa, n kò yá a.

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Kìíní

Olùṣọ́ ilẹ̀ ìjọba wá, Ọ̀gbẹ́ni Fuentes. Ó ní ọjọ́ mẹ́rìnlá tó tọ́ sí wa níhìn-ín ti tán láti ọjọ́ Àìkú. Mo fi táyà hàn án. Ó fi fìlà nu ojú.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́, màmá. Tó bá kọjá ìyẹn, àwọn ọ̀gá mi ni yóò pe ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ, ẹ̀yin lẹ ó sì gbé owó ẹ̀. Ṣé kò sí ẹnì kankan pẹ̀lú yín ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi. Ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo rántí ìbúra mi, mo gbé e mì bí ẹni gbé òkúta mì.

"Kò sí," mo ní.

Lẹ́yìn tó lọ ni mo wọlé lọ wo òrùka mi. Inú agolo kọfí ni mo ń fi sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Kìíní

Sípánà yọ̀, mo fi ìka gbá irin. Ẹ̀jẹ̀. Bóòtù náà kò mì.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kìíní

Aago méjì. Mo sọ fún Lyle pé oòrùn ràn, pé mo jẹ ọsàn mẹ́rin, pé ohun gbogbo ń lọ déédéé. Ó ní Arne ti ń gbé ẹsẹ̀. Mo ní ṣé ó ti sọ fún wọn?

"Mo fẹ́ẹ́ sọ ọ́ lánàá, a jókòó ti oúnjẹ, àfi bí ọmọbìnrin mi ṣe gbé àwòrán ìyá ẹ̀ jáde. Mi ò rí ẹnu là."

"Ó yé mi," mo ní. Ó yé mi lóòótọ́. Ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù sí ilé gùn lónìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kìíní

Òmùgọ̀ ni mí! Òmùgọ̀ onírun dídì! Láti ọjọ́ mélòó kan ni mo ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀ fi gbogbo agbára yí nọ́ọ̀tì yẹn, mo sì ń fún un le sí i ni! Nígbà tí èèyàn bá dojú sókè, ọ̀tún á di òsì. Ìdí sitóòfù ni mo ti rí i, nígbà tí mo ń ṣí ìdérí ìgò jáàmù tí mo sì dojú ẹ̀ délẹ̀ kí n lè gbá a nídìí. Mo fi jáàmù sílẹ̀, mo sá jáde. Mo kì páìpù bọ ìdí sípánà kó lè gùn, mo tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn, mo pariwo orúkọ ọkọ mi, nọ́ọ̀tì náà sì ké wíìì bí ẹlẹ́dẹ̀, ó sì yí!

Mo jáde, mo jó yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lójú ọ̀nà, obìnrin alájá yẹn dúró, ó wò mí, ó sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ṣèèṣì rí ìhòòhò ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kìíní

Mo tú u dé ìdajì. Férémù sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, ó dúró. Mo tún tú u. Kò lọ mọ́. Mo tan iná wò ó: eteetí táyà ti jókòó sórí ilẹ̀.

Mo ti gbàgbé! Lọ́jọ́ tí a dé, ilẹ̀ ibí da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, orí wa sì wà nísàlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Lyle ní ìyàwó òun kò ní sùn bẹ́ẹ̀. Ó gbẹ́ kòtò sábẹ́ àwọn táyà ẹ̀yìn, ó rọra fi ọkọ̀ sọ̀ sínú wọn, ó gbé abọ́ omi kalẹ̀ sórí tábìlì, omi náà dúró pẹrẹsẹ bí dígí. "Wàyí o," ó ní, "a lè sùn bí Krìsìtẹ́nì." Kò sẹ́ni tó rò ó pé ìdí ọkọ̀ tó bá ti wọlẹ̀ kò ní fi àyè sílẹ̀ fún táyà láti jáde.

Mo gbé jáàkì sí i. Iyanrìn gbé jáàkì mì. Mo fi pákó sí abẹ́ jáàkì. Pákó là sí méjì.

Ìfẹ́ ló gbẹ́ kòtò yẹn. N kò lè bínú sí i.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kìíní

Tí ọkọ̀ kò bá lè gòkè, ilẹ̀ ni yóò sọ̀ kalẹ̀. Mo ń gbẹ́ ihò sábẹ́ táyà náà. Ilẹ̀ ibí le bíi símẹ́ńtì. Láti àárọ̀ dé ọ̀sán, abọ́ ọbẹ̀ kan ni mo gbẹ́. Mo jẹ ẹ̀wà agolo, mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ibi iná. Ohùn wọn mọ́ ketekete. Ẹnì kan ń sọ ìtàn ẹja tó fà á wọ odò. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, lẹ́yìn kọ́tìnnì.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kìíní

Òjò. Gbogbo ọjọ́. Ihò mi ti di adágún.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Kìíní

Òjò yẹn, oore ńlá ló ṣe mí! Mo fi agolo gbọ́n omi jáde, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti rọ̀ bíi kéèkì. Mo gbẹ́, mo gbẹ́. Ọ̀la ni ọjọ́ ìdájọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n wá wọ́ wa, ó ku ọjọ́ méje kí bọ́ọ̀sì dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kìíní

Mo gbọ́dọ̀ kọ gbogbo rẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án ni mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Nọ́ọ̀tì yí, ó yí, ó ku ìyípo kan, ó já bọ́. Férémù wó lulẹ̀ gbìrà! Eruku bo ojú mi. Mo ní, "Lyle, ó ti já!" mo sì fẹ́ yí padà láti jáde. Orí mi kò bá mi lọ. Irun mi! Irun mi ti wà nínú ihò nígbà tí táyà ṣubú, ó sì ti jókòó lé e, pẹ̀lú férémù, pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n irin yẹn, láti ọrùn mi dé ṣóńṣó irun.

Mo fà á. Mo fi ẹsẹ̀ ti táyà. Mo gbẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú èékánná. Mo pe "Ẹ gbà mí o," atẹ́gùn gbé e lọ sí ìhà kejì. Láti ibi tí mo wà, mo ń rí bàtà àwọn èèyàn lọ́nà jíjìn, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. N kò mọ bí ó ṣe pẹ́ tó. Oòrùn ti kúrò lára ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, ó ti dé ti òsì. Èrò kan wọlé tọ̀ mí wá, pé bí mo bá kú síbí, orúkọ Kuchta ni wọn yóò kọ sórí mi, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ń jẹ́ òmíràn. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún.

Nígbà náà ni nǹkan tútù kan lá mi lẹ́sẹ̀.

"Bisikíìtì! Kúrò níbẹ̀! Má da aládùúgbò láàmú!" Bàtà méjì dúró. "Ta nìyẹn lábẹ́ ọkọ̀? Ṣé o ti kú ni?"

"N kò kú, mà! Irun mi ló há!"

Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó yọjú. Awò ojú rẹ̀ fi okùn kọ́rùn. "Háà. Ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń wá síbí, mo ti rí ẹni tí ọkọ̀ ká lọ́wọ́, mo rí ẹni tó ká lẹ́sẹ̀. Ti irun yìí, tìrẹ nìkan ni. Dúró, àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé ẹja wà lápò mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e!" mo kígbe. "Ọkọ mi ló dì í! Ó ní n kò gbọdọ̀ tú u kí òun tó dé!"

Ó dá àlùmọ́gàjí náà dúró.

"Ọkọ wo?"

Ó ti jáde. Èèyàn kì í kó omi padà sínú ìkòkò tó fọ́. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, erùpẹ̀ lẹ́nu, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, adájọ́, búláòsì, màlúù, Arne, ìbúra. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún.

"Ọkùnrin gíga tó wà níbí ní Kérésì?" ó ní. "Ẹ̀gbọ́n rẹ la pè é! Virgil ọkọ mi tilẹ̀ ní ẹ jọra nímú!"

"Ẹ̀gbọ́n kẹ̀! Ọkọ mi ni! Ọ̀túnla ni yóò pé oṣù kan!"

"Ìyàwó tuntun lábẹ́ ọkọ̀!" Ó fi ọwọ́ lu itan. "Kí ló wá dé tí o ò wá síbi iná?"

"Ẹ ò pè mí."

"Ká pè ọ́ báwo? Àga rẹ wà ní kíká!"

Mo ní kí ni àga kíká ṣe.

"Ọmọ yìí! Ṣé ìwọ ò mọ̀ ni? Ní àfonífojì yìí, àga tó bá wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ má kan ilẹ̀kùn. A ní ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ọ́. A ní ẹ̀gbọ́n rẹ lọ sin òkú. Ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ la ti ń yọ́ kọjá níwájú rẹ bí olè! Mo ń fi ìka sẹ́nu fún Bisikíìtì kó má baà gbó mọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo rí ọ tí ò ń jó yí ọkọ̀ ká, mo sọ fún Virgil pé ìbànújẹ́ ti fọwọ́ kan ọpọlọ rẹ."

Opal lorúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ó fọn fèrè kan tó kọ́ sọ́rùn, kí n tó ṣẹ́jú, bàtà ti kún ibẹ̀. Virgil fi ọ̀pá irin àti pákó gbé táyà náà ní ìwọ̀n ìka méjì, Opal sì fa irun mi jáde bí ẹni fa ejò kúrò nínú ihò. Erùpẹ̀ bò ó, àmọ́ ó ṣì wà ní dídì!

Wọ́n wọ́ táyà jáde. Àárín rẹ̀ ni eku aginjù kan kọ́ ilé sí: ẹ̀gún, okùn bàtà, ìdérí ìgò, àti ṣíbí tíì wa! Ṣíbí méjì péré la ní, Lyle sì ti fẹ̀sùn kàn mí pé mo da ọ̀kan nù pẹ̀lú omi ìfọbọ́.

Opal tìkára rẹ̀ ló ṣí àga mi sílẹ̀. Mo ṣí ti Lyle lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jókòó síbi iná títí wọ́n fi sọ ìtàn ẹja yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Kìíní

Lyle pè. Kò tíì sọ ọ́. "Ọjọ́rú, kí n tó kúrò," ó ní. Èmi náà kò sọ ti táyà. Ẹni méjì tó fẹ́ràn ara wọn, apò wọn kún fún ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ. Mo ní, "Ọjọ́ Ẹtì, n ó wà níbẹ̀."

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Kìíní

Sípíà náà kò ní atẹ́gùn nínú rárá! Virgil gbé ẹ̀rọ pọ́ńpù rẹ̀ wá. Ara táyà náà ti sán, ó ní yóò gbé mi dé ìlú, kó má kọjá ibẹ̀. Wọ́n fẹ́ bá mi dè é. Mo ní rárá, ẹ máa wò mí ni. Mo de nọ́ọ̀tì gbogbo fúnra mi, mo sì mọ ibi tó ń le sí.

Oṣù kan gééré lónìí. Opal yan kéèkì àgbàdo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kìíní

Mo wakọ̀! Wọ́n to òkúta sínú kòtò ìfẹ́ Lyle, mo tẹ iná, ọkọ̀-ilé kérora, ó gòkè, gbogbo abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù hó yèè. Onítáyà ìlú ní ti tẹ́lẹ̀ kò ṣeé lẹ̀, mo ra tuntun. A ti kọjá sí apá kejì títì, níbi tí ìwé àṣẹ ìjọba ń jẹ́ kí èèyàn dúró títí òtútù yóò fi tán. Opal àti Virgil tẹ̀lé mi. Ọ̀gbẹ́ni Fuentes ṣí fìlà fún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Oṣù Kìíní

Aago mẹ́fà ni mo gbéra. Ọgọ́rin máìlì. Ọwọ́ mi rọ̀ mọ́ sítíárìn bí ọwọ́ ẹni tó rì sómi, àwọn ọkọ̀ ẹrù ń kọjá, wọ́n ń mì mí. Mo kọrin. Mo bá àga Lyle sọ̀rọ̀. Aago mẹ́wàá ku díẹ̀, mo ti dúró ní ibùdókọ̀ Yuma, òrùka lọ́wọ́, búláòsì aláwọ̀ ewé lọ́rùn.

Bọ́ọ̀sì dé. Ṣójà méjì sọ̀. Obìnrin kan àti ọmọ ọwọ́. Ọkùnrin kan tó dé fìlà bíi ti Lyle, ọkàn mi fò, kì í ṣe òun. Awakọ̀ sọ̀ wá gbé ẹrù, ó ti ilẹ̀kùn pa. Mo bi í bóyá ẹnì kan ṣì ń sùn nínú ẹ̀. Ó ní, "Kò sí, màmá."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo jókòó pẹ́. Mo mú ìwé kékeré tí Lyle kọ nọ́ńbà oko wọn sí, èyí tó ní kí n má pè àfi bí ilé bá ń jóná. Mo wò ó. Mo ní, ilé ń jóná.

"Hẹ́lò?" Ohùn Lyle ni, ọjọ́ orí rẹ̀ ló kéré.

"Ẹ káàárọ̀. Mo fẹ́ bá Lyle sọ̀rọ̀."

"Ta ni kí n sọ fún un?"

"Bernadine."

"Bernadine wo?"

Mo wo ọkọ̀-ilé níta, táyà tuntun rẹ̀ ń dán.

"Bernadine Tvedt," mo ní.

"Mà, àwa nìkan là ń jẹ́ Tvedt ní agbègbè yìí o."

"Ẹ ti lé ẹyọ kan."

Mo gbọ́ tó bo ẹnu fóònù, kò bò ó dáadáa. "Bàbá! Obìnrin kan wà lórí fóònù tó ń jẹ́ orúkọ wa! Ta ni?" Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pákó. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn Lyle, kò sọ̀rọ̀ sókè, àmọ́ ó mọ́.

"Ìyàwó mi ni."

Yìnyín ti dí ọ̀nà wọn láti ọjọ́rú, bọ́ọ̀sì kankan kò rìn. Ó ti pe ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì nígbà márùn-ún, kò sẹ́ni tó gbé e. "Dine, níbo lo wà?"

"Ibùdókọ̀ Yuma."

"Ta ló gbé ọ wá?"

"Ọwọ́ mi méjèèjì." Mo wá sọ ti ẹ̀gún, ti bóòtù, ti kòtò, ti irun.

"O tú sípíà yẹn?" ohùn rẹ̀ kéré. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bẹ̀rù bóòtù yẹn."

Arne gba fóònù padà. Mo di ara mi mú.

"Mà," ó ní, "láti ọjọ́ tí bàbá wa ti dé ló ti ń súfèé nínú ilé màlúù. Àwa rò pé ara ẹ̀ kò yá. Ṣé ẹ̀yin lẹ fà á?"

"Ó ṣeé ṣe."

"Ẹ má jẹ́ kó dẹ́kun, mà."

Mo tún san owó ẹyọ sí i, mo pe Casimir. Kí ló kù tí mo ń pamọ́?

"Ṣé orúnkún ni?" ó ní.

"Orúnkún mi dáa, Bùrọ̀dá. Mo ti lọ́kọ."

Mo gbọ́ aago ara ògiri ilé wa. "Ta ló wá máa gbé yàrá ẹ̀yìn?"

"Ẹ kó àwọn ọ̀pá ìpẹja yín síbẹ̀."

"Kátólíìkì ni?"

"Ti Lútérì."

"Jésù, Màríà àti Jósẹ́fù," ó ní. Lẹ́yìn náà, "Ṣé ó ń pẹja?"

"Ó ń pẹja."

"Nígbà wo la máa rí i?"

Ọjọ́ Àìkú, 25 Oṣù Kìíní

Èmi nìkan ni mo tún wà lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, yìnyín ṣì wà lọ́nà wọn, n kò ní purọ́ fún ọ, ìwé: ibi tí Lyle ń sùn tutù. Irun mi ń yún mi, n kò tú u. Àmọ́ àga méjèèjì wà níta ní ṣíṣí, Bisikíìtì ló sì ń sùn lórí ti Lyle.

Mo ti kọ káàdì mọ́kànlá, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, ti Casimir, ti Arne àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ti Opal tí ilé rẹ̀ kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, àti èyí tí mo kọ "Lyle Tvedt, Ọkọ Ìyàwó" sí lẹ́yìn:

Mo ti lọ́kọ, a kò sì tíì jẹ, a kò tíì mu. Ẹ wá bá wa ṣe é ní aginjù, apá kejì títì, ọkọ̀-ilé tó ní táyà tuntun kan níwájú lọ́wọ́ ọ̀tún. Kálukú kó mú àga tirẹ̀ dání, kó sì ṣí i gbàrà tó bá ti dé. Arne, ẹ mú ẹsẹ̀ yín wá bó ṣe wà. Lyle, ìwọ náà wà lára àwọn tí mo ń sọ fún. Gbogbo yín gbọ́dọ̀ ti dé kí oòrùn tó wọ̀, ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje oṣù Kejì.